Owó géètì kì í rán ọmọ níléèwé: bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe ọjọ́ orin tó máa san owó WAEC ọmọ àdúgbò n'Ìjẹ̀bú

Ọdún tá a kọ́kọ́ ṣe é, aago mọ́kànlá alẹ́ bá èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe akápò lẹ́yìn sítéèjì, a jókòó sórí àga ike, a da àpò Ghana-must-go kan délẹ̀, a ń ka owó géètì. Igba-igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta-ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, òmíì ti rọ̀ nínú òógùn. Nígbà tá a kà á tán, ₦412,000. Onísánńdì dúró tì wá, ₦250,000 ló kù tá a máa fún un, oní-jẹnẹrétọ̀ náà ò lọ sílé, àwọn ọmọ bándì ní àwọn ò tíì jẹun látọ̀sán. Kó tó di aago méjìlá, ₦9,000 ló ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ sì rèé ọmọ mẹ́jọ la ti ṣèlérí fún pé a máa san owó WAEC wọn. Mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń tẹ tíṣáàtì ní ṣọ́ọ̀bù mi kí n tó lè san ti mẹ́ta nínú wọn. Ti àwọn tó kù, ojú tì mí débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà wọlé fún bí oṣù kan.

Mo sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe inú ìwé ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe n'Ìjẹ̀bú-Òde, bánà, jótà, ife tí wọ́n ń pín lóde, gbogbo ìnáwó ìlú ló ń gba ọwọ́ mi kọjá, ó yẹ kí n ti mọ̀ tipẹ́ pé àwọn èèyàn wa ò fẹ́ràn owó géètì. Ẹni tó bá wa fa ọ̀rọ̀ fún ogún mínííìtì lórí ₦500 lẹ́nu géètì, òun náà ló wọlé tó lọ ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, ojú mi ló ṣe, kò dín ní ogójì ẹgbẹ̀rún. Kì í ṣe ahun o. Owó géètì ò lórúkọ ni. Tó bá san án, ta ló gbọ́?

Torí ẹ̀, gbogbo ohun tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí, orí nǹkan kan ló dúró lé. Owó géètì ni kẹ́ ẹ fi gbé òde, owó tí wọ́n bá pe orúkọ sí ni kẹ́ ẹ fi san owó iléèwé, kí èyí tó pọ̀ jù nínú owó iléèwé yẹn sì ti wà ní báǹkì kí olórin tó gbá máíkì mú. Ọjọ́ orin gan-an, ọjọ́ ìdúpẹ́ àti ọjọ́ ìjábọ̀ ni kẹ́ ẹ kà á sí.

Ìkíní: ẹ ka ọmọ kẹ́ ẹ tó ka owó

Ọ̀pọ̀ wa, olórin la máa ń kọ́kọ́ pè. Mo pè é náà. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni, ẹ lọ sí iléèwé méjì tàbí mẹ́ta ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ bá ọ̀gá iléèwé jókòó, kẹ́ ẹ bi í pé ọmọ SS3 mélòó lowó wọn ò tíì pé. WAEC ti May/June, iléèwé ló ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀, òbí ò lè dá lọ ṣe é, torí náà ọ̀dọ̀ wọn ni òtítọ́ wà. Ẹ gba iye owó ọdún yẹn nínú ìwé, ẹ má lo ti èṣí, torí ó ń gbéra. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ bi wọ́n nípa NECO, ẹ bi wọ́n nípa owó práktíkà, ẹ wá fi JAMB kún un, pẹ̀lú owó mọ́tò tí ọmọ máa fi dé ibi tó ti máa ṣe é torí wọ́n lè gbé ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Ṣàgámù.

Ẹ bi wọ́n nípa NIN náà. JAMB ò ní gba ọmọ tí ò ní NIN, ọ̀pọ̀ ọmọ ò sì mọ̀ títí ó fi máa ku ọ̀sẹ̀ kan. A ti rí ọmọ tí a kó owó ẹ̀ pé, owó wà, ọmọ ń wo owó, orúkọ tó wà lórí NIN ẹ̀ yàtọ̀ sí ti iléèwé. Láti oṣù kẹsàn-án ni kẹ́ ẹ ti yanjú ẹ̀.

Ti àwọn tó ti wọ OOU tàbí TASFUED (TASUED tẹ́lẹ̀) tàbí Poli Sàápadé, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gba NELFUND lọ. Láti 2024 ni wọ́n ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé gíga ìjọba lówó láìsí èlé. Ọmọ SS3 ò ní irú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ gan-an lọmọ ti ń padà sílé.

Ẹ mú ọmọ mẹ́wàá lọ́dún àkọ́kọ́. Mẹ́wàá péré! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọgọ́rùn-ún dẹ́rù bà yín.

Kí ẹ̀yin má dá yàn wọ́n o. Èèyàn márùn-ún la fi ṣe é, tíṣà kan, ẹnì kan láti mọ́sálásí, ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ọjà kan, ọ̀dọ́ kan, òfin ibẹ̀ sì ni pé ẹni tí ọmọ ẹ̀ tàbí ọmọ àbúrò ẹ̀ bá wà nínú ìwé, kó dìde kúrò níbẹ̀. Olóyè kan fi orúkọ ọmọ mẹ́ta ránṣẹ́ sí wa lọ́dún kejì. Ọkùnrin mẹ́rin tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fọhùn. Ìyá ọjà yẹn ló gbé gèlè, ó ní òun ń bọ̀. Mi ò mọ ohun tóun àti bàbá jọ sọ o, nígbà tó fi máa dé, bàbá ti gba orúkọ méjì padà, ó sì fi owó ẹnì kẹta rán an. Ẹ wá ìyá ọjà kún ìgbìmọ̀ yín.

Ìkejì: àpò méjì, kò gbọdọ̀ pàdé

Àpò òde àti àpò ọmọ. Àpò òde ni owó géètì, owó tí àwọn tó ń ta nǹkan san fún ààyè, owó ilé iṣẹ́ tó gbé bánà kọ́. Àpò ọmọ ni gbogbo owó tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé "ẹ fi rán ọmọ" sí. Tí òde bá jẹ gbèsè, kí òde wá owó ẹ̀ o, kó má fọwọ́ kan ti ọmọ, bí onísánńdì bá tiẹ̀ fẹ́ gbé yín lọ àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ má lo àkáǹtì ara yín. Mo mọ̀ pé ó yá, mo mọ̀ pé OPay ò gbà ju mínííìtì márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá bèèrè pé báwo lẹ ṣe ra fóònù tuntun, kò sí àlàyé tó máa wọ ẹnikẹ́ni létí. Lọ́dún àkọ́kọ́ ẹ lè lọ bá CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tàbí ẹgbẹ́ àwọn tó jáde ní iléèwé náà, ọ̀pọ̀ wọn ti ní àkáǹtì tí èèyàn méjì ń buwọ́ lù. Tó bá wá di ohun tẹ́ ẹ fẹ́ máa ṣe lọ́dọọdún, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, báǹkì á sì tún ní kẹ́ ẹ mú ìwé SCUML wá, ti ìdènà owó àìmọ́, ọ̀dọ̀ EFCC ni wọ́n ti ń gba ìyẹn. Ó máa ń falẹ̀, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Ìkẹta: ọjọ́ wo?

Gbogbo èèyàn ló máa sọ fún yín pé Kérésì, pé ìgbà yẹn làwọn ará ìlú ń wálé. Òótọ́ ni. Ìgbà yẹn náà ni onísánńdì ń gba ìlọ́po méjì, tí olórin ní òde mẹ́rin lọ́jọ́ kan, tí àwọn tó wálé sì ti ní ìgbéyàwó mẹ́ta àti ìsìnkú méjì tí wọ́n máa náwó níbẹ̀. Ti Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, gbogbo owó ìlú ti wọ inú aṣọ àti ẹṣin, ẹ má súnmọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn rárá. Oṣù keje sí ìkẹjọ, Agẹmọ ń jáde, àwọn ọjọ́ kan wà tí obìnrin ò gbọdọ̀ jáde síbi tí Agẹmọ bá gbà, ibòmíì Orò ni, òjò náà sì ń bẹ. Ẹ lọ bèèrè lọ́dọ̀ àwọn àgbà kẹ́ ẹ tó tẹ ọjọ́ sórí bánà. Mo ti tẹ bánà oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọ̀rọ̀ yìí, owó mi ló wọlé, ṣùgbọ́n àánú ẹ̀ ṣe mí.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kọkànlá la mú. Òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ ò tíì le, olórin ń wá òde, owó WAEC sì máa tó di ohun tí iléèwé ń bèèrè. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ò sí nílé lóòótọ́, ó sì sàn bẹ́ẹ̀ fún wa, torí ẹni tí ò sí nílé ò ní òde míì tó ń fà á lápò, kó kàn fi ránṣẹ́.

Ẹ fún ara yín ní oṣù mẹ́fà.

Ìkẹrin: ibi tówó wà

Ibí ni kẹ́ ẹ gbé àga sí. Lára oṣù mẹ́fà yẹn, mẹ́rin ni kẹ́ ẹ fi ṣe èyí.

N'Ìjẹ̀bú-Òde, Ọlọ́run ti bá wa ṣe é, a ní régbérégbé. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún bíi mẹ́ta síra ló wà nínú ẹgbẹ́ kan, àwọn Gbọ́baníyì, Ọbafùwàjì, Bọ́bakẹ́yẹ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ ń rí wọn l'Ójúde Ọba tí wọ́n ń fi aṣọ díje. Wọ́n ní ìpàdé, wọ́n ní akọ̀wé, wọ́n ní àkáǹtì, èyí tó sì dùn jù níbẹ̀, ẹgbẹ́ kan ò ní fẹ́ kí ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé e ju òun lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Rẹ́mọ, ní Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru, Ìsarà, Ṣàgámù, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti àwọn tó jọ jáde iléèwé lọ́dún kan náà ni kẹ́ ẹ fi dípò.

Báyìí la ṣe ń wọlé sí ìpàdé wọn. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí akọ̀wé lọ́sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Lọ́jọ́ náà ẹ wọ aṣọ ìbílẹ̀ tó mọ́, ẹ má wọ tíṣáàtì tí ẹ kọ orúkọ òde sí. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kì í ṣe kẹ́ ẹ fi ìka kan ilẹ̀, ẹ̀yin obìnrin ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní "ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá". Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ò ní jẹ́ nípa orin. "Ọmọ ilé ta ni ẹ́?" ni. Ẹ ti mọ ìdáhùn yín sílẹ̀, ilé bàbá, ilé ìyá, ìtún (àdúgbò) tí wọ́n ti wá, torí tí bàbá kan níbẹ̀ bá ti sọ pé "áà, mo mọ bàbá ẹ ní Mọlípà," iṣẹ́ ti bù ṣe.

Ẹ má wá sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n "ṣe àtìlẹ́yìn." Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú wọn. Ẹ mú ìwé pélébé kan lọ, ojú kan péré, tẹ́ ẹ kọ sí i pé ọmọ kan, WAEC iye báyìí, NECO iye báyìí, JAMB iye báyìí, àròpọ̀ iye báyìí. Kẹ́ ẹ wá ní "ẹ̀yin bàbá, ọmọ mélòó lẹ máa gbé?" Mo ti rí i tí gbọ̀ngàn dákẹ́, tí ẹnì kan ṣí awò ojú ẹ̀ gbé e sórí ìwé yẹn, tó ní "èyí ò tó owó ọtí tá a mu níbi ìsìnkú tó kọjá," táwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé ọmọ mẹ́rin lójú ẹsẹ̀. Akọ̀wé wọn wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní àwọn tó tẹ̀lé àwọn ńkọ́, mélòó ni wọ́n gbé. Mo ní a ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, sà. Ó ní kí n pe òun tá a bá dé. Mo pè é. Wọ́n fi ọmọ kan kún ti wọn.

Ìlérí ò gbọdọ̀ wọ ìwé yín. Alert nìkan. Ẹni tó bá ní òun máa mú un wá lọ́jọ́ náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ má kà á mọ́ ọn. Tó bá fi di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ọjọ́ òde tí owó ọmọ tó wà ní báǹkì ò tíì tó ìlàjì, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú tàbí kẹ́ ẹ dín iye ọmọ kù. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ti àwọn tó wà lókè òkun, ẹ má kọ ìwé gígùn sí wọn. Fóìsì nóòtì ìṣẹ́jú kan, lédè Ìjẹ̀bú gidi, kẹ́ ẹ fi ariwo ọjà sí i lábẹ́. Mi ò ṣàwàdà. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Jámánì tó ní ohùn ìyá kan tó ń ta ìkòkorè ló mú òun san owó ọmọ méjì.

Ìkarùn-ún: ìwé àṣẹ

Ẹ yára ṣe èyí kó kúrò nílẹ̀. Ẹ lọ rí olórítún yín kẹ́ ẹ tó lọ sáàfin, ẹ mú obì àti ṣìnáàpù dání. Ẹ kọ̀wé sí káńsù, ẹ bi wọ́n owó tó bá yẹ, kẹ́ ẹ gba rísíìtì. Ẹ kọ̀wé sí DPO, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pé wọ́n ti gbà á. Ẹ sọ fún So-Safe, ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn, àti Sífú Dífẹ́ńsì. Tí DJ bá máa lu orin oníorin, òfin Copyright ti 2022 ní kẹ́ ẹ gbàṣẹ, MCSN ló ń gba owó yẹn fún àwọn olórin, ẹ kàn sí wọn ṣáájú, torí wọ́n lè dé lọ́jọ́ náà. Bánà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé kọ́ títì, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó pátákó ìpolówó ló ni títì. Èmi tí mò ń ta bánà ni mò ń sọ fún yín pé bánà mẹ́ta tó, ọkọ̀ tó ní gbohùngbohùn lọ́jọ́ ọjà ló ń mú èèyàn wá.

Ìkẹfà: pápá, sánńdì, iná

Pápá iléèwé ni kẹ́ ẹ lò. Stadium Dípọ̀ Dínà tóbi, ó wuni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún èèyàn nínú stadium dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò wá, ẹgbẹ̀rún èèyàn kan náà ní pápá iléèwé, ẹ ò ní rí ibi fẹsẹ̀ sí. Iléèwé ní ilé ìyàgbẹ́ náà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa fọ̀ ọ́, ẹ sì máa pọn omi síbẹ̀. Ẹ yan obìnrin méjì tí iṣẹ́ wọn ò ju kí ilé ìyàgbẹ́ obìnrin mọ́ lọ, kẹ́ ẹ san owó gidi fún wọn. Ìdí tí àwọn ìyá fi ń tètè lọ sílé nìyẹn, kì í ṣe orin.

Ẹ má gbọ́kàn lé iná IBEDC. Jẹnẹrétọ̀ méjì ni, ọ̀kan fún sánńdì, ọ̀kan fún iná àti àwọn tó ń ta nǹkan, ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò kankan so fíríìjì mọ́ ti sánńdì, torí bí fíríìjì yẹn bá ṣe ń gbéra ni máíkì á máa kùn. 60kVA tó ru bí ìlàjì ẹrù ẹ̀, ẹ ka lítà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án dísù ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́wàá jẹ́ bíi lítà 80 sí 90. Lítà ni kẹ́ ẹ fi bá wọn ṣàdéhùn, ẹ má fi náírà ṣe é, owó dísù lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ ra dísù náà fúnra yín, ẹ fi igi wọn inú táǹkì kó tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó bá parí. Ẹni tó bá bínú sí igi yẹn, ẹ ṣọ́ ọ.

Sánńdì gbọ́dọ̀ ti dún kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé tí ò bá tíì dún ní aago méjìlá, ẹ máa yọ owó.

Ìkeje: olórin

Ṣé ẹ rí i, ẹ ò nílò ìràwọ̀ láti Èkó. Ìjẹ̀bú-Igbó ni Hárúnà Ìṣọ̀lá ti wá, ibẹ̀ náà ni Bàtílì Àlàkẹ́, Ìkẹ́nnẹ́ ni Adéwálé Àyúbà, ilẹ̀ yìí mọ orin tó ń pe èèyàn lórúkọ. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí orin ṣe gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń kọ àfro ò ní pe bàbá kankan lórúkọ, bó tiẹ̀ dùn. Onífújì tàbí alápàlà àdúgbò kan, pẹ̀lú àgídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti onígángan tó mọ oríkì, ìyẹn máa ṣe ju orúkọ ńlá kan tó máa kọ orin mẹ́rin kó sì sá lọ.

Ẹ fún un ní ìwé. Orúkọ, ilé, oríkì, ẹgbẹ́, iye ọmọ tí olúwa ẹ̀ gbé. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kẹ́ ẹ gbé e fún un lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, kẹ́ ẹ tún gbé ẹ̀dà fún onígángan, torí ìlù ló máa ń kọ́kọ́ pe èèyàn kí ẹnu tó pè é. Àwọn tó ti san nìkan ni kó wà nínú ìwé yẹn. Ọkùnrin kan tí ò tíì san jókòó síwájú lọ́dún kejì, agbádá ńlá, ó ń retí kí wọ́n ki òun. Wọ́n ki ti ọ̀tún, wọ́n ki ti òsì, wọ́n fo òun. Bí ẹ bá rí bó ṣe ń fi fóònù wá akápò wa! Kó tó di pé orin yẹn parí, alert ti wọlé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń ná olórin, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ òde ti dìjà. Àṣà wa ni pé owó tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ olórin, ti olórin ni. Tẹ́ ẹ bá dúró di ìgbà tí owó ti bọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé ọmọ iléèwé ló ni ín, ìjà ni. Ẹ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí nígbà tẹ́ ẹ ń ṣàdéhùn, kí ẹ̀yin san owó tó pé fún un, kó sì gbà nínú ìwé pé kò sí nínáwó lórí sítéèjì. Òfin náà wà lẹ́yìn yín. Òfin CBN ti 2007, abala 21, fífọ́n náírà lóde, jíjó lórí ẹ̀, títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí ò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn tí ò dín ní ₦50,000 tàbí méjèèjì, EFCC sì ti ń mú èèyàn lórí ẹ̀. A gbé igbá ńlá kan síwájú sítéèjì, igbá gidi, ti ìyàwó, a fi aṣọ funfun bò ó, ẹni tó bá fẹ́ náwó á jó wá síbẹ̀, á ju ápòòwé sínú ẹ̀, á kọ orúkọ ẹ̀ sẹ́yìn ápòòwé, olórin á sì ki í nígbà tó ń jó padà. Ẹwà ẹ̀ ò dín kù rárá. Ó tiẹ̀ pọ̀ sí i, torí ìrìn yẹn gùn, gbogbo èèyàn ló ń wò ó.

Ẹ gbé oúnjẹ àwọn ọmọ bándì kalẹ̀ kí wọ́n tó so ìlù. Ẹ má bi mí léèrè ìdí.

Ìkẹjọ: ọjọ́ náà

Aago kan ọ̀sán la bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́jọ alẹ́ la parí. Onífújì máa ní ìgbà yẹn lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, ẹ jẹ́ kó binú. Ọmọdé wà níbẹ̀, ìyá àgbà wà níbẹ̀, ọ̀nà Èpè àti ọ̀nà Ìbàdàn ò ṣeé rìn lóru fẹ́ni tó ti jìnnà wá.

Àwọn ọmọ iléèwé ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ijó, orin, ewì, iléèwé mẹ́fà, kí wọ́n díje. Mi ò mọ ọgbọ́n ìpolówó tó dà bí èyí, torí ọmọ kan tó máa jó lórí sítéèjì máa mú ìyá ẹ̀, àǹtí ẹ̀ àti àwọn àbúrò ẹ̀ wá, gbogbo wọn á san géètì láìjà, wọ́n á sì ra bọ́bọ́ àti pọfupọfu. Tó bá tó nǹkan bí aago mẹ́rin, kí olórin kékeré gùn ún. Aago márùn-ún sí mẹ́fà ni ti orúkọ pípè àti igbá, nígbà tí oòrùn ti rọ̀, tí àwọn àgbà ti dé, tí wọn ò sì tíì máa wo aago. Ẹ má gbé e sẹ́yìn olórin ńlá. Tí olórin ńlá bá ti sọ̀ kalẹ̀, gbogbo èèyàn ti ń wá bàtà wọn.

Ohun kan wà tí mi ò gbà, tí wọ́n ń ṣe lóde míì: kí wọ́n tò àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́ síwájú èrò, kí wọ́n máa sọ pé èyí ò ní bàbá, èyí ìyá ẹ̀ ń ta ẹ̀pà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọ̀la ló máa padà sí kíláàsì. Iye ọmọ àti orúkọ iléèwé ti tó láti kà. Ẹ má gbé fọ́tò wọn síta láìjẹ́ pé àwọn àti òbí wọn buwọ́ lù ú.

Ti géètì: ẹ lo ìwé ọwọ́ aláwọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ra, kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà sí i, torí tíkẹ́ẹ̀tì bébà, ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lè tẹ ẹ̀dà ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ní POS báǹkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nẹ́tíwọọ̀kì máa lọ, ó máa lọ ní aago mẹ́ta gan-an tí èrò pọ̀ jù, kẹ́ ẹ ní ṣéńjì ₦500 dání. Àwọn ọmọ àdúgbò tó bá fẹ́ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ fún wọn níṣẹ́ pápá ọkọ̀, ẹ bá olórí wọn sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná. Àwọn tó fẹ́ ta ọjà àti àwọn tó ń ta oúnjẹ, kí wọ́n san owó ààyè kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Ìkẹsàn-án: Mọ́ńdè

Sọ́ńdè ẹ sùn. Láàárọ̀ Mọ́ńdè kí akápò, tíṣà àti ìyá ọjà jọ lọ sí iléèwé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sanwó sínú àkáǹtì iléèwé, ẹ má fowó lé ọmọ tàbí òbí lọ́wọ́. Kì í ṣe pé wọ́n á jí i, ọmọ míì ń ṣàìsàn nínú ilé yẹn ni, onílé ń kanlẹ̀kùn, ta ló máa rí owó nílẹ̀ táá ní WAEC ló kàn? Kí iléèwé fún yín ní rísíìtì pẹ̀lú orúkọ ọmọ, nígbà tí wọ́n bá sì fi orúkọ sílẹ̀ tán, ẹ lọ gba ẹ̀rí pé orúkọ ti wọlé ní WAEC, torí owó sísan àti orúkọ wíwọlé kì í ṣe nǹkan kan náà.

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tẹ ojú ìwé kan, owó tó wọlé lápá kan, owó tó jáde lápá kejì, àpò òde lókè, àpò ọmọ nísàlẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ìpàdé régbérégbé kọ̀ọ̀kan, ẹ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kà á fún wọn. Tí òde bá pàdánù, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ọdún kẹta, òde wa pàdánù ₦38,000, a kà á jáde, bàbá kan dìde ó san án, ó ní òun ò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ yòókù gbọ́ ọ.

Àwọn rísíìtì yẹn, ẹ ṣe fọ́tókọ́pì wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbà wọ́n. Bébà tí POS fi ń tẹ̀ ẹ́ máa ń ṣá, kó tó pé oṣù mẹ́ta ó ti funfun báláú.